Ṣọ́ọ̀kì Àlòkù fún Alùpùpù Wa ní Etí Òkun
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́)

Àwọn àgbà ní kí àwa tí a ń gun alùpùpù, tí a sì ń fi ọwọ́ ara wa tún un ṣe, wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti di àríyànjiyàn láàárín wa: ó ha yẹ kí a máa ra ṣọ́ọ̀kì àlòkù sí alùpùpù tí ó ń gbé ènìyàn lórí iyanrìn wa yìí? Ìdáhùn wa ni pé ó yẹ, bí ẹni tí ó ń rà á bá mọ ohun tí ó yẹ kí òun wò.

Ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ àwọn baba wa. Ní Ayétòrò tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, orí pákó ni àwọn ènìyàn ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, àti láti ibẹ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹrẹ̀ ni etí òkun Ìlàjẹ títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ìhà Aràrọ̀mí, iyanrìn ni. Níbẹ̀, àti ní àwọn ọ̀nà tí ó wọ Igbókòdá láti òkè, alùpùpù ti di ẹsẹ̀ kejì fún wa. Òun ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni ó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn ní òru. Ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ iye kòtò tí ó wà ní ọ̀nà ju ẹni tí ó ń wà á lọ.

Nǹkan méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí. Èkínní ni sípíríǹgì, tí ó ń ru ẹrù, tí ó sì ń fún pọ̀ nígbà tí táyà bá kọlu òkìtì. Èkejì ni epo tí ó wà nínú àgbá irin kékeré. Nígbà tí sípíríǹgì bá fẹ́ ta padà, epo náà níláti gba ihò tín-ín-rín kọjá, kò sì lè yára. Agbára ìta náà a di ooru, alùpùpù a sì rọra dìde. Bí epo bá ti jò tán, sípíríǹgì nìkan ni ó kù, a sì máa ta bí ọ̀pọ̀lọ́. Táyà tí kò bá sì kan ilẹ̀, bíréèkì kò lè dá a dúró, ọwọ́ kò sì lè darí rẹ̀.

Kì í ṣe inú ìwé ni a ti kọ́ èyí. Ní àkókò òjò kan, a rí sípíríǹgì líle méjì lára alùpùpù ńlá kan tí ó ti kú, a sì fi wọ́n sí orí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ tí epo rẹ̀ ti jò. Inú wa dùn pé ìdí alùpùpù kò jìn mọ́ bí ènìyàn méjì bá gùn ún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fò lórí gbòǹgbò àgbọn, ó ju ìyá kan tí ó gbé agbọ̀n ẹja lọ́wọ́ sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ìyá náà sì ṣẹ́. Àwa ni a jẹ̀bi. A san owó ìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní kò lè fi ọwọ́ náà fún aṣọ.

Àwa nìkan kọ́ ni a ń fi ọwọ́ ara wa wá ọ̀nà. Ará Bẹ́líjíọ̀mù kan, Lucien Tilkens, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń fi alùpùpù sáré nínú ẹrẹ̀, ni ó ronú pé kí ṣọ́ọ̀kì gígùn kan ṣoṣo rọ́pò méjì ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ Yamaha gba ọgbọ́n náà, ní ọdún 1973 sì ni Håkan Andersson, ọmọ Sweden, fi irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ borí nínú ìdíje àgbáyé ti alùpùpù 250 cc. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ní àyè láti lọ sókè sódò láìfi ilẹ̀ sílẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ gé férémù alùpùpù rẹ̀ o.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà Nkwọ ní Nnewi, tàbí bí oníṣòwò bá gbé tòkunbọ̀ wá bá yín ní Igbókòdá, ẹ má wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ọ̀dà kì í ru ẹrù. Ọ̀pá irin dídán tí ó ń wọlé tí ó ń jáde ni kí ẹ wò. Ẹ fi èékánná fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ ibì kan, iyọ̀ ti jẹ ẹ́, ojú ibẹ̀ yóò sì máa gé rọ́bà tí ó dí epo mọ́ inú. Bí ẹ bá rí epo ní ẹnu rẹ̀, ẹ dá a padà, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́: èyí tí ó dára a máa padà láìkánjú, èyí tí ó bá ta fìrì ti kú. Méjì-méjì ni kí ẹ rà, láti ara alùpùpù kan náà. Gígùn rẹ̀ láti ihò bóòtù òkè dé ti ìsàlẹ̀ níláti bá ti àtijọ́ mu. Bí ó bá kúrú, táyà yóò máa lu mọ́gáàdì nígbà tí ẹrù bá wà, bí ó bá sì gùn jù, ìdí yóò ga, ọwọ́ alùpùpù kò sì ní fara balẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kàn án, nítorí òmíràn ní afẹ́fẹ́ tí a fi agbára kì sí inú rẹ̀, ó sì lè bú.

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí a bá yí òrùka tí ó wà ní ìdí sípíríǹgì, sípíríǹgì yóò le sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí alùpùpù nìkan ni ó ń gbé ga. Kí ẹni tí ń wà á jókòó pẹ̀lú ẹrù tí ó máa ń gbé, kí ẹlòmíràn sì fi igi wọn bí ìdí ti jìn tó: bí ó bá lo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè tí ṣọ́ọ̀kì ní, ó dára. Bí òrùka bá ti dé òpin, tí ó sì tún ń jìn jù, ìgbà náà ni kí a wá èyí tí ó le, pẹ̀lú epo tí ó lè kápá rẹ̀.

Fọ́ọ̀kì iwájú ṣeé tú, epo rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀, iye kan náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ibẹ̀ ni a ti ń bá àwọn ará wa jà: rọ́bà ìdípo kì í ṣe ohun tí a ń rà ní àlòkù. Bí alùpùpù bá sì ti gba omi òkun kọjá, omi kànga ni kí a fi wẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí a nu ọ̀pá rẹ̀ gbẹ, kí a fi epo díẹ̀ pa á. Àwọn kan ń gé tíúbù àtijọ́ bo fọ́ọ̀kì. Ó dára, ṣùgbọ́n kí wọn máa ṣí i wò, nítorí iyanrìn tútù tí ó bá há sí abẹ́ rẹ̀ burú ju ti ìta lọ.

Ohun kan ni a bẹ Ẹgbẹ́ fún: kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, kí a fi ra rọ́bà ìdípo àti epo fọ́ọ̀kì tuntun pa mọ́, kí àwọn tí ń gbé aláìsàn lè rí i rà ní iye tí a rà á. A gbé alùpùpù mẹ́ta sí ìta gbọ̀ngàn yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ó ju ìyá wa sílẹ̀. A ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn ìpàdé, ẹ jáde wá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.