Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Màsáàjì: Ṣé Ká Yá A Lówó?

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa)

  

Ọ̀rọ̀ owó yíyá kan ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fẹ́ yá owó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ máa fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ màsáàjì. Àwọn kan ní, "Kí ni nọ́ọ̀sì ń wá nídìí màsáàjì? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ìṣekúṣe inú hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn?" Mo ní ká fara balẹ̀.

Wíwọ́ ara kì í ṣe àjèjì sí wa. Ta ni wọn kò fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀ nígbà tó bímọ? Ta ni kò fi òrí wọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rí? Ẹ wo àwa tí à ń gbé ẹrù lọ́jà Agége, ẹ wo àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ ní Oba Akran, Ọ̀gbà àti Agidingbi. Èwo nínú wa ni ẹ̀yìn kì í dùn?

Ní ti orúkọ burúkú, ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn rí. Ní London, lọ́dún 1894, ìwé ìròyìn àwọn dókítà kọ ọ́ síta pé ọ̀pọ̀ ilé màsáàjì ìlú náà, ilé aṣẹ́wó ni. Ta ló dìde? Àwọn nọ́ọ̀sì ni! Obìnrin mẹ́rin, Rosalind Paget wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Wọ́n ṣòfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe màsáàjì láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó ṣe é, kò gbọdọ̀ wọ́ gbogbo ara ọkùnrin, àfi tí dókítà bá dìídì bẹ̀ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ ta oògùn fún aláìsàn. Wọ́n tún ń ṣe ìdánwò. Ní 1920, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn níwèé àṣẹ. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló di ẹgbẹ́ àwọn fisiotẹ́rápì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ẹ rí i pé òfin àti ìwà ló fọ orúkọ iṣẹ́ náà mọ́.

Torí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ìgbìmọ̀ bi ọmọ wa.

Àkọ́kọ́, irú ìwé ẹ̀rí wo ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń fúnni, ta ló sì mọ̀ ọ́n? Ẹ̀kọ́ oṣù mélòó kan kò sọ ènìyàn di fisiotẹ́rápì. Yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn. Ti Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ láti 1966, òfin 1988 sì dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Kó má ṣe jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìkejì, ìgbà wo ni yóò máa sùn? Ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́jú, tó tún lọ jókòó ní kíláàsì, tó tún padà sí wọ́ọ̀dù, ó lè ṣi oògùn fún aláìsàn. Láìsí olówó kan tó lè ra ẹ̀mí padà. Kó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì rẹ̀ kú; ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe.

Ìkẹta, ta ni kò ní fọwọ́ kàn? Ibí yìí ni nọ́ọ̀sì ti ju ẹlòmíràn lọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ́ ọ lè tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pani. Ilé ìwòsàn ni kó darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí.

Ní ti owó, owó oṣù tó ń gbà ni kí a fi ṣírò bí yóò ṣe san án, kì í ṣe oníbàárà tí a kò tíì rí.

Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, èmi fara mọ́ ọn pé ká yá a. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.