Ọ̀nà Òṣogbo: Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

 

Inú oṣù Kẹjọ, ní àkókò ọlidé gígùn, ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo máa ń bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kó ọmọ sínú ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn dé Òṣogbo. Ilé-ìwé ni ọ̀nà náà, ẹ̀yin òbí sì ni olùkọ́ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ yìí nípa òrìṣà ní kíláàsì ní ìyókù ọdún, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá gba Ìbàdàn lọ, Ọ̀ṣun yóò ti pàdé yín kí ẹ tó dé Òṣogbo rárá. Odò yìí gan-an ni wọ́n fi dáàmù sé ní Asẹ́jíre, tí omi rẹ̀ ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹ wá ibi tí kò léwu, kí ẹ dúró. Ẹ bi ọmọ léèrè pé omi wo ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní ìgboro Ìbàdàn. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé Ọ̀ṣun kò kàn án yóò rí i pé omi Ọ̀ṣun wà nínú ọbẹ̀ tí ó ń jẹ. Ẹ fi máàpù hàn án: láti Èkìtì ni odò náà ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Òṣogbo kọjá, ó dé Asẹ́jíre, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí dé ọ̀sà. Ní Ìkirè, ẹ ra dòdò, kí ọmọ bi ìyá tó ń tà á léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ìbá dà nù, di ọjà. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé nìyẹn, ó sì dùn lẹ́nu.

Ó wá kan fóònù. Nínú èdè wa, awòran kì í ṣe àwòrán. Ohùn ló yà wọ́n. Awòran ni ẹni tó ń wo ìran. Ní ti àwòrán, àwọn onímọ̀ kan, Babatunde Lawal wà lára wọn, so ó mọ́ à-wò-rántí: ohun tí a wò, tí a fi ń rántí. Ọmọ tó na fóònù sókè nígbà tí Arugbá ń kọjá kò tíì wo nǹkan kan tí yóò fi rántí. Kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó kí ẹni tó bá níbẹ̀, kí ó tọrọ àyè. Ohun tí a daṣọ bò, a kì í yà á. Bí ìyá olórìṣà bá sì sọ pé rárá, rárá yẹn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

N kò bá kámẹ́rà jà. Pierre Verger, ọmọ Faransé, gbé Rolleiflex rẹ̀ kiri ayé láti ọdún 1932. Ní Kétu, ní 1953, ó di babaláwo, orúkọ rẹ̀ sì di Fátúmbí. Ó ń gbé àwòrán Bahia wá sí ìhà ibí, ó ń gbé tibí padà, tí àwọn tí òkun yà nípá fi rí ojú ara wọn.

Àwòrán kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa yà lọ́dọọdún: omi Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Láti 2005 ni UNESCO ti ka igbó náà mọ́ ogún àgbáyé, ṣùgbọ́n ààlà igbó kò lè dá omi dúró. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò, ní agbègbè Iléṣà, ti sọ omi di ẹrẹ̀, a sì ti kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró sí ojú kan náà létí odò lọ́dọọdún, kí ó ya omi, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ó sì kọ bóyá òjò rọ̀ lánàá, nítorí òjò náà máa ń pọ́n omi. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún méje, tí kò fi ọdún kan sílẹ̀, yóò ní àwòrán mọ́kànlá lọ́wọ́ nígbà tí ó bá pé mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó bá sọ pé bí odò náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọmọ náà yóò ní ohun tí yóò fi hàn án.

Yorùbá ni kí ó fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ẹ sì tẹ àwòrán náà sórí pépà bí ẹ bá ti délé, nítorí fóònù máa ń sọnù.