Ẹrù Tí Ó Yẹ Ẹ̀yìn Katakata Wa

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí katakata àtijọ́ tí ẹgbẹ́ rà, MF 35, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1957 àti 1964. Láti ìgbà tí a ti so apá ìkólẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀nà ni táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń gbéra nílẹ̀ nígbà tí abọ́ bá kún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì rẹ̀ ń dì mú. Bí wọn kò bá tẹ ilẹ̀, kí ni yóò dá a dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?

Ẹni tí ó bá gbé pákó gígùn lé èjìká mọ̀ pé bí iwájú bá wúwo, ẹ̀yìn ni a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní àlàfo táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2, tí ẹrù 400 kílò sì wà ní mítà 1 níwájú táyà iwájú. Ẹ̀yìn yóò fúyẹ́ ní 200 kílò, iwájú yóò sì ru 600 lé ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá gbé 400 kílò mìíràn kọ́ ní mítà 1 sí ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, àfikún iwájú yóò dín kù sí 400, ẹ̀yìn náà yóò sì gba 400 tirẹ̀.

Àwọn kan dábàá pé kí a bu omi sínú táyà ẹ̀yìn. Ó dára, bí kò bá ti ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. (Àwọn ará ilẹ̀ òtútù a máa fi calcium chloride sí i kí omi má baà dì, a sì máa jẹ irin rímù, àwa kò nílò rẹ̀.) Ṣùgbọ́n omi inú táyà kò gba ẹrù kankan kúrò lórí iwájú, iwájú katakata àtijọ́ ni kò sì lágbára.

Agbá epo 200 lítà, tí a rọ kọnkéré sí dé ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà, yóò tó 400 kílò. Kí wẹ́dà fi irin líle là á já kí kọnkéré tó dì, kí apá ìgbẹ́rù ẹ̀yìn méjèèjì àti ọ̀pá òkè lè dì í mú. Síbẹ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbé abọ́ sókè bí ó bá ń rìn.

Ohun tí a kò lè fara mọ́ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gun ẹ̀yìn katakata láti fi ara wọn ṣe ẹrù. Ènìyàn mẹ́rin kò wúwo tó agbá yẹn, táyà sì ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kí ìgbìmọ̀ ra símẹ́ǹtì náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Títí di ìgbà náà, kí katakata má ṣe kó yanrìn sọ̀kalẹ̀ ọ̀nà odò.