Kóòdù Ìwọlé Ń Bọ̀ Wálé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù kọ̀ǹpútà ní Ilo-Awela àti ní Sàngó-Ọ̀tà, ká ní áàpù yín ni ilé iṣẹ́ kan fi ń ka ọjà, tí òṣìṣẹ́ ń fi Google wọlé sí i. Bùráúsà ló máa ṣí. Ibẹ̀ ni á ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù, kì í ṣe inú áàpù yín. Ọ̀nà wo wá ni kóòdù ìwọlé tí Google bá fún un máa gbà padà dé ọ̀dọ̀ áàpù?

127.0.0.1 ni. Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ náà gan-an ni àdírẹ́sì yìí. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ kì í jáde síta, ìdí nìyẹn tí http lásán fi tó. Ìlànà RFC 8252 ti ọdún 2017 ní ká kọ nọ́ńbà yìí dípò localhost. Ẹ má so ó mọ́ port kan ṣoṣo o, áàpù míì lè ti gbà á. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yan èyí tó ṣófo. Bí kóòdù bá ti dé, kí áàpù ti port náà kíá.

Síbẹ̀, áàpù burúkú lè jí kóòdù lójú ọ̀nà. PKCE, ọ̀nà ààbò tó so kóòdù mọ́ àṣírí kan, ni oògùn rẹ̀: olè ò ní àṣírí tí áàpù yín ti kọ́kọ́ ṣẹ̀dá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ní kí èèyàn da kóòdù kọ láti bùráúsà, Google ti ti ọ̀nà yẹn pa ní 2023. Ẹ tètè tún un ṣe.