Ìyà Èwe, Àìsàn Àgbà

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru iyọ̀ nìkan lè ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ní Enugu, ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn ogun Biafra, àwọn oníṣègùn yẹ àwọn àgbà wò. Àwọn tí ebi ogun bá nínú oyún tàbí lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ju ti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ. Kì í ṣe ebi nìkan, ìyà àti ìbẹ̀rù pẹ̀lú ń ba ara jẹ́: àwọn oníṣègùn Felitti àti Anda fi hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998 pé bí ìyà èwe bá ṣe pọ̀ tó ni àrùn ọkàn ṣe ń pọ̀ lágbà.

Irú ìyà bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa: ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń kiri ẹ̀pà lálẹ́ ń ka owó rẹ̀ lákàtúnkà kó tó wọlé. Bó bá dín, pàṣán ni. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun.