Pípín Tó Tọ́
Ọ̀rọ̀ láti ẹnu Alukoro Ẹgbẹ́

 

Láti ọdún mẹ́wàá yìí, a ti jọ sọmọ lórúkọ, a ti jọ ṣílé, a sì ti jọ sìnkú. Nídìí òkú sísin ni ọ̀rọ̀ òní ti wá. Bí àlejò bá tú ká tán, ilé àti ilẹ̀ a máa dìjà láàárín àwọn ọmọ. Kí wá ni pípín tó tọ́?

Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa ní. Ìdí-igi ni kí a pín ogún sí iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé. Orí-ò-jorí ni kí a pín in sí iye ọmọ. Ká ní ìyáálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí márùn-ún. Ní ìdí-igi, ọmọ ìyáálé á gba ìdajì. Ní orí-ò-jorí, ìdá kan nínú mẹ́fà ni tirẹ̀. Kálukú ló máa ní tòun ló tọ́.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Dawodu àti Danmole dé kóòtù. Baba tó kú l'Ékòó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ Jibowu ní orí-ò-jorí ló bá ìgbà mu. Kóòtù tó ga ju tirẹ̀ lọ yí i padà ní 1958. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àmọ́ bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè pàṣẹ orí-ò-jorí.

Ní Èjìgbò wa níbí, ó tún kù. Owó Àbíjàn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlú yìí. Ọmọbìnrin tó fi ilé-ìwé sílẹ̀, tó lọ ń tajà ní Côte d'Ivoire, tó ń fowó ránṣẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé, ìdí-igi ò mọ̀ ọ́n, orí-ò-jorí ò mọ̀ ọ́n. Òbí ló mọ̀ ọ́n. Bí òbí bá kú láìsọ, ó parí nìyẹn.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì tún rí èyí: àwọn èèyàn rò pé ẹni tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù bíi next of kin ló ni owó. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí báńkì máa kàn sí lásán ni. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ẹbí á kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kì í sì í dúró de kóòtù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ ìwé ìhágún kí ayẹyẹ ọdún kọkànlá tó dé. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹni tí a fún ní ogún má sì wà nínú wọn. Kí Mùsùlùmí pe àlùfáà mọ́ lọ́yà. Kí a má fo ọmọbìnrin, kí a má sì gbàgbé ẹni tó fi ìwé tirẹ̀ du àbúrò.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa náà ti dàgbà.