Kí Èsì Padà sí Ìdíkàn: Ìwádìí Yunifásítì àti Ìtàkùrọ̀sọ Orí Pọ́díkáàsì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ẹni tó bá fi Yorùbá bi ará ìlú léèrè ọ̀rọ̀, Yorùbá náà ló yẹ kó fi padà wá jíṣẹ́ ohun tó rí.

Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn tó ń jẹ iyè àwọn àgbàlagbà. Wọ́n mú àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n mú àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, wọ́n ń wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bá ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ń bi ẹbí rẹ̀ pé, ṣé ìrántí àgbà yìí ṣì pé bíi ti tẹ́lẹ̀?

Ní 2001, èsì jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà. Bí a bá kó ẹgbẹ̀rún kan àgbàlagbà tí iyè wọn ṣì pé jọ, ó lé ní 32 tí àrùn náà ń mú láàárín ọdún kan ní Indianapolis. Ní Ìdíkàn, wọn ò pé 14. Èsì ńlá nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí nìkan kọ́. Nínú ìwádìí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, èèyàn 90 ní Ìbàdàn ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. Wọ́n jíròrò pẹ̀lú ará àdúgbò kí wọ́n tó gbà á. Lẹ́tà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ jíìnì fi ń pe ẹ̀jẹ̀ náà káàkiri àgbáyé: YRI. “Yorùbá ní Ìbàdàn” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mélòó nínú wa níbí ló ti gbọ́ orúkọ náà rí?

Mi ò bú àwọn olùwádìí wọ̀nyí. Inú ìwé ìròyìn bíi JAMA ni ẹlẹgbẹ́ ti ń yẹ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wò, a ò sì lè fò ó. Àbọ̀ ìrìn ló kù. Àìpadà náà sì ní ohun tó ń bà jẹ́. Bí ìyá arúgbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, tó ń sọnù lójú ọ̀nà ilé ara rẹ̀, àwọn kan á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Ìmọ̀ tí ì bá gbà á sílẹ̀ wà nínú ìwé tí aládùúgbò rẹ̀ kò lè kà.

Báwo ni èsì ṣe máa padà? Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe rédíò, wọn ò sì purọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi yìí náà, asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Pọ́díkáàsì yàtọ̀ bí a bá fi ṣe ìtàkùrọ̀sọ: ẹni méjì jókòó, ọ̀kan mọ ọ̀rọ̀, èkejì ń wádìí rẹ̀, ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má ju mẹ́gábáìtì 14 lọ, ó ń gba orí WhatsApp kọjá. Aránṣọ lè máa gbọ́ ọ nídìí máṣíìnì, kó dá a dúró bí oníbàárà bá dé, kó sì tún ibi tí kò yé e gbọ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Melvyn Bragg bẹ̀rẹ̀ ètò In Our Time lórí rédíò BBC ní 1998, níbi tí wọ́n ti ń pe onímọ̀ mẹ́ta jókòó láti tú kókó kan ṣoṣo. Ètò náà dé orí pọ́díkáàsì, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan ìjókòó. Atọ́kùn ló ń ṣojú olùgbọ́ níbẹ̀. Òun ló ń dá onímọ̀ dúró bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ fò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ní èmi ni olùwádìí, kí ìyá aláṣọ òkè kan jẹ́ atọ́kùn. Mo ní, “Àrùn kan ń bẹ tó ń jẹ iyè.” Ó ní, “Ṣé kéèyàn máa ṣarán lẹ ń wí?” Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì í lọ́nà, torí ogbó la ka ṣíṣarán sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló gbó dé 90 tí iyè wọn ò rà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àfi kí n ṣàlàyé. Ó tún ní, “Ṣé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wa ni tiwa fi kéré?” Mo gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn olùwádìí fura sí oúnjẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, wọn ò tíì fìdí ẹyọ kan múlẹ̀. Nínú ìwé, irú gbólóhùn yẹn lè sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Níwájú ìyá yìí, kò ríbi sá sí.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí owó ìwádìí ní ìpín ìtàkùrọ̀sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí atọ́kùn wá láti àdúgbò tí a ti ṣèwádìí, kó má jẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí ojú ń tì láti sọ pé kò yé òun. Ẹ̀kẹta ló le jù: kí a gba ìbéèrè àwọn olùgbọ́, kí a sì fi ìjókòó kejì dáhùn wọn, pàápàá èyí tó bá tú àṣìṣe wa fó.

Ọ̀pọ̀ àgbà tó dáhùn ìbéèrè ní Ìdíkàn ti lọ. Àwọn ọmọ tó jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, tí a bi bóyá ìrántí òbí wọn ṣì pé, ti ń wọ ọdún 65 báyìí. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká padà lọ jẹ́ ẹ.